Ojú Ta Ni Ọ̀rọ̀ Wà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi kan fi pẹ́ńsù ya ọmọ ìyá alákàrà kan ní Òkè-Fìà, ọmọ ọdún 6. Ọmọ náà fajú ro, ó ṣu ẹnu pọ̀, omijé lé ròrò sójú ẹ̀. Bí mo ṣe rí i báyìí, mo ní, "Ebi rèé! Ìyà rèé!" Mo bá kọ ewì nípa ọmọ aláìníbaba. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an.

Nígbà tá a gbé àwòrán náà lọ han ìyá ẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìbínú ẹ̀ nìyẹn! Mo ní kó má fọwọ́ kan àkàrà gbígbóná ni." Ọ̀rẹ́ mi bá ka ewì mi sí wọn létí. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ta ló sọ fún yín pé ọmọ mi ò ní baba?"

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú ta ni? Ojú ọmọ tá a yà, àbí ojú èmi tí mò ń wò ó? Pẹ́ńsù mú omijé, kò mú ohun tó fà á. Èmi ni mo fi ebi sí i, torí ewì ebi ló máa ń gba àtẹ́wọ́.

Àwòrán ọmọ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Láyé àtijọ́, ìbejì a máa kú púpọ̀. Twins Seven-Seven, oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tó kú ní 2011, sọ pé ìgbà 7 ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló kù. Tí ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère fún un. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ojú ọmọ ọwọ́ sí i: ojú àgbà ni, pẹ̀lú ilà. Kò sọ pé òun mọ ohun tó wà nínú ọmọ náà. Ìyá ni yóò máa wẹ ère, tí yóò máa fi osùn pa á, tí yóò máa bọ́ ọ, títí imú àti ẹnu ère yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìtọ́jú ló kù lójú ère, kì í ṣe ìtumọ̀.

Ẹnìkan á ní akéwì lómìnira. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ò lè dá wa lóhùn ńkọ́? Tí ebi bá tiẹ̀ ń pa á, ṣé ewì ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa?

Mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá alákàrà. Wọ́n dárí jì mí. Ọmọ náà wò mí, ó tún fajú ro. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.