Igba Ojú Lọ́jọ́ Kérésì

Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Òwe yìí kì í sinmi lóṣù Kejìlá. Bí ọkọ̀ tó ti Èkó bọ̀ bá ti kọjá Àkúrẹ́, tí òkè Olósùnta àti Òrólé yọ sí wọn ní Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, bí ọmọ ọwọ́ tí kò ṣe Kérésì rí bá wà nínú ọkọ̀ náà, kí wọ́n tó já ẹrù tán ni ẹnìkan yóò ti pa òwe náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ lè fi í dúpẹ́. Ìyá àgbà lè pa òwe náà bó ṣe ń na ọwọ́ méjèèjì. Mo tún ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tú ọmọ tó ń sùn kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kó lè bá a ya fọ́tò. Òwe kan náà ni wọ́n ń pa, ohun tí wọ́n ń fi wá kò dọ́gba, ó sì yẹ ká bi òwe léèrè ohun tó sọ gan-an.

Ẹ wo ohun tó kà. Ojú mẹ́rin jẹ́ ti bàbá àti ìyá. Igba ojú, bí a bá pín in ní méjì-méjì, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jókòó kà á; igba ni Yorùbá ń wí bí nǹkan bá ti ju kíkà lọ. Ojú ni àwọn àgbà kà. Wọn kò ka ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ la fi ń gbé ọmọ. Wọn kò ka ẹnu, bẹ́ẹ̀ ẹnu la fi ń súre fún un. Ó jọ pé wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ṣeé fi owó bẹ̀, pé ẹnu lè jẹ iyán ọdún tán kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú ni kò ṣeé dá padà. Ẹni tí nǹkan bá ti ṣojú rẹ̀ kòró, kò lè jáde lọ́la kó ní òun kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ọmọ náà, tó sì pè é ní ọmọ wa, ẹlẹ́rìí ni, gbèsè sì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé ọmọ wá bá nílé. Aṣọ pupa àti fìlà Bàbá Kérésì kò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ìsọmọlórúkọ ti lè wáyé lọ́jọ́ kẹjọ ní Èkó tàbí Àbújá, láàárín ọ̀sẹ̀, tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹbí rí àyè lọ. Ìyá bàbá tó ń gbé ní Ìsẹ̀, tí orúnkún kò jẹ́ kó rìnrìn-àjò, kò tíì sọ orúkọ tirẹ̀. Kérésì ni yóò sọ ọ́, yóò sì fi náírà tì í. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì inú ẹbí kò ní rí àṣà yìí bí ohun àjèjì, nítorí ọjọ́ kẹjọ ni Lúùkù ní wọ́n sọ Jésù pàápàá lórúkọ. Bí a bá sì kà á láti 25 oṣù Kejìlá, ọjọ́ ọdún tuntun ló bọ́ sí. Àkókò náà tún bá àgbẹ̀ lára mu. Kòkó tí wọ́n ti ń ká bọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án ti ń di owó, ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ ọ̀nà Ìsẹ̀ àti Èmùrè, ilé-ìwé ti pa.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé wíwò lè bá bíbí dọ́gba, kó rántí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí 1873. Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, ààfin Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti sìn kí òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ tó kàn. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, British Museum ló sì wà títí dòní. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà wa ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n bí i, Ìsẹ̀ wò ó, Ìsẹ̀ ló sì bá orúkọ rẹ̀ rìn káyé.

Àmọ́ bí òwe ṣe sọ pé ojú ni, ẹ jẹ́ kó mọ lójú. Ọmọ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọyẹ́ kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹnu kò lẹ́nu. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmú nìkan tó fún ọmọ títí oṣù mẹ́fà, kò nílò omi pàápàá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lè má tíì pé, ti èéyi kò sì tíì kàn án àfi tó bá di ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń wúkọ́ tó tún ń fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, ẹni tó ń fi ìka tọ́ ọbẹ̀ sí i láhọ́n, àwọn yẹn ti kúrò lórí ojú.

Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún wọn? Ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé ọkọ, báwo ni yóò ṣe ní kí ìyá ọkọ gbé ife omi kúrò? Ibí ni inú ti ń bí mi sí àwọn ọkọ. Ìwọ tí ìyá yẹn bí, tó o jókòó sábẹ́ igi tó ò ń mu ẹmu, tó o fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ kó dá ọ̀rọ̀ náà sọ, o ti yọ ojú méjì kúrò nínú mẹ́rin tí òwe fi bẹ̀rẹ̀. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní ká má tíì fún un lómi.” Ìyá tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ yóò kùn díẹ̀, yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́ làwọn ṣe tọ́ ọ, yóò sì gbé ife rẹ̀.

Ewu mìíràn wà níbẹ̀: igba ojú lè di àìsí ojú. Orí kejì ìwé Lúùkù tí a ń kà lọ́jọ́ Kérésì, ọ̀dọ̀ àwọn olùṣọ́-àgùntàn la sábà ń dúró sí. Bí a bá kà á síwájú, a óò bá Jésù kan náà lọ́mọ ọdún méjìlá, tí àwọn òbí rẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ kan kúrò ní Jerúsálẹ́mù kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí lẹ́yìn wọn. Wọ́n rò pé ó wà láàárín àwọn ẹbí. Ẹbí pọ̀ lọ́nà lóòótọ́, síbẹ̀ ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Agboolé Èkìtì lọ́jọ́ ọdún kò yàtọ̀: epo gbígbóná wà lórí iná, kànga wà lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọdé ń yin bángà, ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn wọlé, olúkúlùkù sì gbà pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọmọ wà. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé ẹni tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà ni kó dá a padà fún. Òwe kò sọ pé igba ojú dé, kí ojú mẹ́rin lọ sùn. (Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń wo ọmọ lórí WhatsApp. Mo kà wọ́n mọ́ igba, àmọ́ ẹ má gbé ọmọ tì wọ́n.)

Àwọn kan a máa fi òwe mìíràn ta kò ó: ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Wọ́n ní bí ọmọ bá dára, ti gbogbo wa ni; bó bá bàjẹ́, ìyá rẹ̀ ló ni ín. Mo gbà pé ẹbí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò gbà pé òwe méjèèjì ń jà. Ẹni méjì kò lè pọn ọmọ kan pọ̀, ẹ̀yìn ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè wo ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní dí ara wọn lọ́nà. Bí àwọn olójú bá ṣọ́ ọ dáadáa, ẹni tó ń pọ̀n ọ́n ni ara yóò tù.

Ohun tó le jù fún òbí kò sì ní dé lọ́jọ́ Kérésì yẹn. Ìdùnnú ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà: ọmọ ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, owó ń wọlé, ẹlẹ́rìí ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó di ọdún mẹ́rìnlá sí i. Àǹtí kan tó gbé e jó lọ́jọ́ náà pàdé rẹ̀ ní Òṣòdì ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ó dá a dúró, ó bá a wí, ó sì pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bí bàbá bá ní, “Ẹ ṣé, àǹtí, ẹ bá mi dì í mú títí n óò fi dé,” ó mọ ohun tó gbà ní Ìkẹ́rẹ́. Bó bá ní, “Ẹ má tojú bọ ọ̀ràn ilé mi,” ó ti lé ẹlẹ́rìí kan lọ, àwọn yòókù yóò sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọ̀ràn bá wá dé, kó má pe ìpàdé ẹbí láti béèrè ẹni tó rí ọmọ òun.