Ìlú Wo La Ó Kó Ọmọ Lọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ nínú yín ti gbéyàwó, ọmọ sì ti ń dé. Kò ní pẹ́ tí iṣẹ́ yóò fi pe ẹlòmíràn kúrò nílùú tí a bí i sí. Owó oṣù la sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ owó ilé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tí à ń gbé lọ kò lẹ́nu níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ìlú yẹn yóò di ìlú rẹ̀ jù wá lọ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi owó nìkan yan ìlú fún ẹni tí kò tíì lè sọ tẹnu rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà rí. Ìlọrin là ń gbé, a ti bí méjì, ìyá wọn lóyún ẹ̀kẹta, nígbà tí ilé-kéwú kan ní Agége ránṣẹ́ pè wá. Owó tí wọ́n dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí à ń gbà. Agége kì í ṣe ibi tí olùkọ́ kéwú ń sá fún: ibẹ̀ ni Ṣéù Ádámù Àlílọ́rì gbé Markaz lọ láti Abẹ́òkúta ní 1955. Ṣùgbọ́n ilé tí agbára wa ká, Mówé ló wà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

A lọ sun oorun ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Mówé. Kí wọ́n tó pe ìrun Asùbáà ló ti ń wá bọ́ọ̀sì. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un lọ́nà márosẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń wọlé, ọmọ ti sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ kékeré bi wá bóyá àwa náà máa ń “lọ Èkó”. Lójú tirẹ̀, Èkó ni orúkọ ibi tí bàbá máa ń wà.

A ò bú ọ̀rẹ́ wa. Hàlálì ló ń wá, ilé rẹ̀ kì í sì í febi sùn. Ṣùgbọ́n bíbọ́ àti títọ́ ni Ọlọ́run fi sọ́rùn bàbá. Bí bíbọ́ bá gba gbogbo ọjọ́, ta ni yóò tọ́ ọ? Ìyá nìkan là ń dì í rù, àwa kan náà la ó sì máa bi í léèrè ìdí tí ọmọ kò fi mọ Fátíhà.

Àwọn kan máa ń fi Ànábì Ibùráhímà ṣe àwáwí, pé ó fi Hájárà àti Ismáílà sí àfonífojì tí kò lómi. Àṣẹ Ọlọ́run nìyẹn, owó oṣù kọ́ ló pè é. Hijira ni kí á wò. Kí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) tó kúrò ní Mẹ́kà ní 622, àwọn ará Mọ̀dínà ti bá a ṣe àdéhùn ní Aqaba, ó sì ti rán Musabu ọmọ Umaeru ṣáájú láti kọ́ wọn. Nígbà tó débẹ̀, ó so àwọn tó ṣí wá mọ́ àwọn onílé bí ọmọ ìyá. Wọ́n ti ní ènìyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó ní ilé.

Ìbàdàn la kó lọ, lápá Ọjọ́ọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn wà níbẹ̀. Ìyá wọn ló mú un wá. Ó ní ẹni tí yóò bímọ láàárín oṣù méjì gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn tí òun yóò kàn lóru. Gbogbo bí a ṣe ń ṣírò owó yẹn, a ò ro èyí rárá.

A ò ní parọ́: bí owó ilé bá pé, a máa ń rántí Agége. Ìyá wọn ń ta èlùbọ́ kún un. Láàárín Màgàríbì àti Iṣáì, gbogbo wa wà lórí ẹní, wàláà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò ń da tàdáwà nù. Ẹ̀kẹta tí a bí síbẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìbàdàn, ó sì ń dun bàbá wa ní Ìlọrin bí wọ́n bá gbọ́ ọ.