Ìbòjú Fèrèsé, àti Ẹni Tí Ń San Gbèsè Ìṣúnná Wa

Ọ̀ràn tí mo mú wá ní oṣù yìí kéré lójú. Ọ̀ràn ìbòjú fèrèsé ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọ fi ìwé àti yíǹkì ṣòfò lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi sùúrù bá mi dé ìdajì ọ̀nà. Nítorí láti ara ohun kékeré yìí ni ìbéèrè kan ti dìde sí mi, èyí tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé tí èmi àti àwọn ará ilé mi ń gbé ní Ògòtún ní fèrèsé mẹ́fà. Àwọn tí ó gbé inú rẹ̀ ṣáájú wa ti fi ìbòjú sí gbogbo wọn. Méjì jẹ́ ti páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a tò ní awẹ́-awẹ́, tí a fi okùn so pọ̀, tí a lè fà sókè tàbí kí a yí i kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bíláìndì ni àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é. Mẹ́ta jẹ́ irú kan náà, ṣùgbọ́n ike ni wọ́n. Ẹ̀kẹfà jẹ́ aṣọ, oòrùn sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí irú àwọ̀ tí ó ní nígbà tí a rà á. Eruku ti di ìpele lórí gbogbo wọn. Awẹ́ mìíràn ti kán, òmíràn ti tẹ̀. Àwọn àlejò sì ń bọ̀ fún ìkórè. Owó tí a fún wa fún àtúnṣe kò ju èyí tí a lè fi ra ìbòjú tuntun fún fèrèsé kan àti ààbọ̀ lọ. Ta ni í bo ààbọ̀ fèrèsé?

Èrò àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn ni kí n gba ọjà àwìn. Ìyàwó mi kò gbà. Ó ní àwọn àlejò yóò lọ ní ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n gbèsè yóò bá wa jókòó di Àjíǹde. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí mo sì yẹ ọkàn mi wò, mo rí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìbòjú fèrèsé ń ṣe nínú ilé: ó ń dín oòrùn kù, ó ń gba eruku, ó sì ń mú ojú ẹni tí ń kọjá kúrò lára wa. N kò ro ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo ń rò ni bí ilé yóò ti rí lójú ẹni tí ó dúró ní ìta. A mọ̀ pé nígbà tí a ń pa àgọ́ nínú aginjù, aṣọ ọ̀gbọ̀ dáradára ni ó wà nínú, irun ewúrẹ́ ni a sì ta bò ó láti òde. Èmi fẹ́ yí ètò náà padà, kí ọ̀gbọ̀ wà níta kí irun ewúrẹ́ sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a lè ṣe sí ògbólógbòó ìbòjú, nítorí ó lè ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní. Èyí tí ó jẹ́ páànù kì í tètè kú. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ nínú agbada ńlá, ẹ fi àkísà rírọ̀ nù ún ní awẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sí ibòòji kí ó gbẹ. Ní ọdún 1769 ni ọ̀gbẹ́ni Edward Beran ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ìbòjú yìí, ètò rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà: awẹ́ ni a to sórí okùn. Nítorí náà, bí awẹ́ kan bá kán ní àárín, a lè yọ ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ìbòjú yóò kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gùn ju fèrèsé lọ tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni a fi tún méjèèjì ṣe, kò sì ná wa ju owó ọṣẹ àti okùn tuntun lọ.

Ti ike kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, ọdún kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ọjà kìlọ̀ pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ìbòjú oníke tí a ń kó wọ orílẹ̀-èdè wọn láti Ṣáínà, Taiwan, Indonesia àti Mẹ́síkò. Oòrùn àti ooru a máa jẹ ike náà díẹ̀díẹ̀, òjé inú rẹ̀ a sì di eruku sí ojú rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá fọwọ́ kàn án tí ó sì ti ọwọ́ bọ ẹnu ti gbé májèlé mì, èyí tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Okùn tí a fi ń fa ìbòjú sókè pẹ̀lú kì í ṣe ohun ìṣeré. Àjọ kan náà ṣírò pé ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí ọmọ mẹ́sàn-án tí kò ju ọdún márùn-ún lọ ni irú okùn bẹ́ẹ̀ ń fún lọ́rùn pa lọ́dọọdún. Kí ẹni tí ó ní ọmọ kékeré má ṣe jẹ́ kí okùn náà sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, kí ó má sì gbé ibùsùn ọmọ sí abẹ́ fèrèsé bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún aládùúgbò wa kan, ẹni tí kò ní lọ́wọ́ tí ó sì ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́rin, pé n ó fi àwọn ìbòjú oníke náà ta á lọ́rẹ. N kò mọ̀ bóyá òjé wà nínú tiwa. Ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀ sí yàrá àwọn ọmọ mi, síbẹ̀ mo fẹ́ fi í ṣe àánú! Mo lọ sọ ìdí rẹ̀ fún un, a sì dì wọ́n a kó wọn dànù.

Ó wá ku fèrèsé mẹ́rin tí kò ní ohunkóhun. Ògòtún sì ni a wà, ìlú tí ayé mọ̀ mọ́ ẹní híhun. Àwọn obìnrin wa ni ń ṣe iṣẹ́ náà, láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọ: wọn a gé ọ̀pá rẹ̀ nínú igbó, wọn a là á sí tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a pa á láró, kí wọn tó jókòó tì í láti hun ún. Ẹní rọ́bà ti gba ọ̀pọ̀ nínú ọjà wọn. Bí a bá fi ọ̀pá kan sí orí ẹní tí a sì gbé e kọ́ sí fèrèsé, ó ń gba oòrùn, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ọ̀já aṣọ ni a fi ń ká a sókè, kò sí okùn gígùn níbẹ̀. Àgbàlagbà kan sọ fún mi pé ohun àtẹ́sùn kì í ṣe ohun àgbékọ́. Mo bu ọlá fún un, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí rẹ̀.

Mo tọ ìyá kan lọ, opó ni, mo sì béèrè ẹní mẹ́rin. Ó dá owó lé e. Mo rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí òǹrajà ti í rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹní rọ́bà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé ìjọ ni, kì í ṣe tèmi. Mo rin ìṣísẹ̀ méjì, mo padà. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibà ń ṣe é, ó sì wo ọmọ náà, ó ní, "Àlùfáà, ẹ mú owó wá." Ìdajì ohun tí ó pè ni mo san. Mo rí ọmọ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i, àti pé nítorí pé mo rí i ni mo ṣe mọ̀ pé yóò gbà.

Mo délé pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí mo ka owó tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ níwájú ìyàwó mi, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ìdajì ni ẹ san, ta ni ó san ìdajì kejì?"

Mo ní ìdáhùn lọ́pọ̀lọpọ̀. Èkíní ni pé àṣà wa ni kí a ná ọjà, àti pé ẹni tí ń tà a máa fi díẹ̀ lé e nítorí pé ó mọ̀ pé a ó ná an. Òtítọ́ ni èyí, n kò sì kọ̀ ọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìnájà ní ibi tí ó ń dé tí kì í ṣe ìnájà mọ́. Mo jókòó, mo ka ọjọ́ tí obìnrin náà fi lọ sí igbó, ọjọ́ tí ó fi là á, tí ó fi pa á láró, tí ó fi hun ún, mo sì pín owó mi sí i. Ohun tí ó kàn án lóòjọ́ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí a ń san fún ọmọkùnrin tí ń ro oko yí ilé ìsìn ká.

Èkejì ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà. Thomas Aquinas, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, ti rò ọ̀ràn yìí jinlẹ̀. Ó ní ẹni tí ń tà kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé owó lé ọjà nítorí pé òǹrajà wà nínú ìpọ́njú, nítorí ìpọ́njú náà kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ń tà. Ó sì ní ríra ọjà ní iye tí kò tó o lòdì sí òdodo gẹ́gẹ́ bí títà á ju iye rẹ̀ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibà ọmọ yẹn kì í ṣe tèmi láti fi gé owó.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù: owó ìjọ ni, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun tí kì í ṣe tèmi ṣe ọ̀làwọ́. Èyí dá mi dúró fún òru méjì. Ohun tí mo rí nígbẹ̀yìn ni pé ọmọ-ọ̀dọ̀ tí a ní kí ó ṣọ́ abà ọ̀gá rẹ̀, a kò pàṣẹ fún un kí ó jí iṣu aládùúgbò kún un.

Ní ọjọ́ kẹrin mo mú owó, mo padà lọ. Inú ìyá náà kò dùn rárá. "Àlùfáà, ọjà tí a ti ná tí a ti san, a kì í padà sídìí rẹ̀. Ṣé ẹ wá ṣàánú mi ni?"

Mo ní, "Àánú kọ́, Ìyá. Gbèsè ni."

"Gbèsè wo? Ojú mi là nígbà tí mo gbà á." Ó dákẹ́, ó tún ní, "Bí owó yín kò bá tó ẹní mẹ́rin, kí ni kò jẹ́ kí ẹ ra méjì?"

Ojú tì mí, nítorí ọmọ kékeré ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe ìṣirò náà. Ìdajì owó ẹní mẹ́rin ni odindi owó ẹní méjì. Mo ti fi gbogbo ọgbọ́n mi dín owó ọjà kù, kò sì sí ìgbà kan tí mo rò láti dín iye fèrèsé tí mo fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kù. Mo dá ẹní méjì padà fún un, ó sì gbà wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní ti ọmọ tí ibà ń ṣe, ìyàwó mi ti bójú tó ìyẹn láti ọjọ́ kejì, láti inú àpò tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí n dá sí i. Ó ní owó oògùn kì í ṣe owó ẹní, kí n má da méjèèjì pọ̀.

Ẹní méjì wà ní pálọ̀. Fún yàrá ẹ̀yìn, ògbólógbòó ìró ìyàwó mi ni a gé sí méjì tí a sì ṣẹ́ etí rẹ̀. Yàrá náà ni àwọn àlejò sùn, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohunkóhun, àfi ọ̀kan tí ó ní oòrùn kò tètè jí òun. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, mo rí ẹní méjì tí mo dá padà lórí ọkọ̀ ẹnìkan tí ń ti Ìlawẹ̀ wá. N kò béèrè iye tí ó rà wọ́n.