Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbọ́?

Ibi kíkà: II Àwọn Ọba 7:3–11, Luku 17:11–19, Galatia 6:1–5

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn ro ọkùnrin kan ní Ìlerò. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ebè ni ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ń làágùn lóru títí aṣọ ibùsùn yóò fi tutù. Abẹ́ ìhà rẹ̀ lápá òsì wú, bí ó bá sì jẹun díẹ̀, ikùn rẹ̀ á kún. Ó lo oògùn ibà, ó mu àgbo, kò yàtọ̀. Ó lọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n ní kí ó lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí dókítà sì wí fún un pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tí ó padà délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Bàbá àwọn ọmọ, kí ni wọ́n wí?” Ó ní, “Ibà náà ni. Wọ́n ti fún mi ní oògùn.” Ní ọjọ́ Àìkú ó wà ní ìjókòó rẹ̀ láàárín àwọn akọrin. Àwọn ará ní, “Ara ńkọ́?” Ó ní, “A dúpẹ́.”

Ǹjẹ́ ọkùnrin yìí ṣẹ̀ bí? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò yára dáhùn pé irọ́ ni ó pa, irọ́ kò sì dára. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lẹ́jọ́, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ní àfẹ́sọ́nà. Bí àwọn àna bá gbọ́, wọn yóò ha wí pé àrùn ìdílé ni? Àwọn tí ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn mìíràn yóò wá lóru láti sọ orúkọ ẹni tí ó fi àrùn náà ṣe é. Ó sì mọ ìjọ rẹ̀. Bí ó bá sọ fún ẹnì kan, wọn yóò kà á mọ́ ẹ̀bẹ̀ àdúrà lójú gbogbo ènìyàn, kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé, ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé Òkèhò. Àwọn baba wa ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí a jẹ́ olóòótọ́: ìdajì ẹ̀rù tí ń ba ọkùnrin yìí, ọwọ́ wa ni ó ti wá.

Ẹrù mìíràn sì wà nínú àrùn rẹ̀ tí kò sí nínú àrùn gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kì í wá ẹlẹgbẹ́ tì. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn pàápàá, yóò rí ẹni márùn-ún tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ oògùn àti iyọ̀. Ṣùgbọ́n àrùn tí a ń wí yìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní chronic myeloid leukaemia, ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn láàárín ọdún kan. Nítorí náà ó lè ṣẹlẹ̀ pé ní gbogbo ìlú, òun nìkan ni. Kò sí ẹni tí ó lè wí fún un pé, “Bí ó ti ṣe èmi náà nìyẹn.”

Ó dára kí kíláàsì mọ ohun tí àrùn náà jẹ́, nítorí òpè ni a fi ń hu ìwà ìkà nígbà mìíràn. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní 1960, Peter Nowell àti David Hungerford ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀kan nínú àwọn okùn tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń pè ní chromosome, kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1973, Janet Rowley ní Chicago fi hàn pé ìkẹsàn-án àti ìkejìlélógún ni ó ti ṣe pàṣípààrọ̀ apá kan ara wọn. Àṣìṣe yìí ni ó ń mú kí ara máa ṣe sẹ́ẹ̀lì funfun láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn tí a ti bí ènìyàn ni ó ń ṣẹlẹ̀. Baba kì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ, kì í sì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin náà lè fọkàn balẹ̀. Ní 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró kan, imatinib, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Glivec, tí ń dí àṣìṣe náà lọ́wọ́. Àrùn tí ó ń pa ènìyàn láàárín ọdún mélòó kan tẹ́lẹ̀ di èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń lọ sí oko.

Oògùn náà wọ́n kọjá agbára àgbẹ̀. Bí ó ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Ajẹntínà wà tí ń jẹ́ Max Rivarola. Àrùn yìí gan-an ni ó ṣe é, ó sì kú ní 1991 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Baba rẹ̀ àti aya baba rẹ̀, Pat Garcia-Gonzalez, ti mọ bí ó ti rí láti máa wá ìrànwọ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Ní 1997 wọ́n dá Max Foundation sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí àwọn ẹlòmíràn má bàa dá rìn ní ọ̀nà náà. Nípasẹ̀ ẹgbẹ́ yìí àti ilé iṣẹ́ Novartis tí ń ṣe oògùn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2003, ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún Ifẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń wá.

Ẹ fojú inú wo bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó sí níbẹ̀. Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Mùsùlùmí àti Kristẹni, akọ̀wé àti àgbẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ni ó kó wọn jọ. Nígbà tí mo bá ka Luku orí kẹtàdínlógún, bẹ́ǹṣì yìí ni mo máa ń rántí. A sábà máa ń wàásù nípa ẹni kan tí ó padà wá dúpẹ́, pé ará Samaria ni. Ṣùgbọ́n kí ni ará Samaria ń ṣe láàárín àwọn Júù láti ìbẹ̀rẹ̀? Àwọn méjèèjì kì í da nǹkan pọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́. Ìlú ti lé wọn jáde, wọ́n sì rí ará níbi tí kò sí ará.

Ohun kan wà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fún ènìyàn tí olùṣọ́-àgùntàn tàbí ìyàwó kò lè fún un. Oògùn yìí a máa mú kí ipénpéjú wú, kí iṣan ẹsẹ̀ sì máa fà. Ó tún lè mú kí awọ ara ènìyàn dúdú pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìlú tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí ni wọn yóò wí? Wọn yóò ní àgbẹ̀ ti ń bóra! Lórí bẹ́ǹṣì ní Ifẹ̀, ẹni tí ó ti lo ọdún márùn-ún yóò na apá rẹ̀, yóò ní, “Wo tèmi.” Ọ̀rọ̀ méjì péré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò sùn lóru ọjọ́ náà.

Bẹ́ǹṣì náà jìnnà sí Ìlerò, ṣá. Òkèhò, Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, kí a tó dé Ifẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò lè bá a kọ ebè. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Paulu sí àwọn ará Galatia ti ràn wá lọ́wọ́. Ní ẹsẹ kejì ó ní kí a bá ara wa ru ẹrù; ní ẹsẹ karùn-ún ó ní olúkúlùkù yóò ru tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹrù, ni Bíbélì wa lò níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú èdè Gíríìkì. Ẹni tí ó bá ti ru iṣu láti oko rí yóò mọ ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ó gbọ́ Gíríìkì. Orí rẹ ni ẹrù rẹ yóò wà dé ilé, kò sí ẹni tí yóò yá ọ ní ọrùn. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kò lè dá a gbé ru ara rẹ. Ẹnì kan ni yóò gbé e rù ọ́, ẹnì kan ni yóò sì bá ọ sọ̀ ọ́ nígbà tí o bá délé. Hóró oògùn tí ọkùnrin náà ń gbé mì lówùúrọ̀, tirẹ̀ ni. Owó ọkọ̀ dé Ifẹ̀, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oko tí koríko ń bò ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí nílé: ìwọ̀nyí ni gbígbé rù àti sísọ̀.

Nítorí náà mo gbà pé ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́, kí ó sì gbọ́ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Òun ni ó ń fọ aṣọ tí òógùn mú rin. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀húrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ó ti ń ru ẹrù náà tipẹ́, a kàn fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún un ni. Ní ti ìjọ, èrò mi yàtọ̀. Ìjọ kò ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ àrùn ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kàn wá ni ẹrù náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí a wí, ta ni ẹ sì fẹ́ kí a wí i fún?” Ẹni tí kò bá lè béèrè èyí, kí ó má gbọ́ rárá.

Àwọn kan yóò ní sísọ àrùn jáde jẹ́ àìnígbàgbọ́. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá náà kígbe àìsàn wọn lójú ọ̀nà, Jésù kò sì bá wọn wí. Ẹni tí ó bá tún ní kí aláìsàn da oògùn nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn, ewu ni ó ń fà, nítorí bí a bá dá a dúró láìsí àṣẹ dókítà, àrùn náà lè padà. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí àrùn ni ó bàjẹ́.

Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́rin ẹnu ibodè Samaria ni mo fẹ́ fi bá ọkùnrin Ìlerò sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ gbìmọ̀, wọ́n jọ lọ sí ibùdó ogun, wọ́n sì jọ jẹun. Nígbà tí wọ́n yó tán, wọ́n rántí pé ebi ń pa ìlú tí kò gbà wọ́n sílé, wọ́n sì sọ fún ara wọn pé kò tọ́ kí àwọn dákẹ́. Bóyá ẹnì kan wà ní Ṣakí tàbí ní Ìgànnà lónìí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wú, tí ó ń mu àgbo, tí kò mọ̀ pé oògùn wà. Ta ni yóò sọ fún un bí kò ṣe ẹni tí ó ti lo ó?

Ẹ jẹ́ kí a rò pé ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ìyàwó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, “Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ibà.” Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n jọ lọ bá akọ̀wé ìjọ, ìkéde tí wọ́n fún un kò sì ju ìlà méjì lọ: arákùnrin wa ń lọ sí Ifẹ̀ ní ọjọ́ Ajé fún ìtọ́jú, ẹni tí ó bá ní ọkọ́, kí ó ya oko rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.