Ìgbádùn Tí A Lè Gbé Kalẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Lọ́fíńdà àti Eré Sísá Láìdi Etí

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí ó fún wa ní imú láti gbóòórùn, tí ó sì fún wa ní etí láti gbọ́rọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin! Ọ̀rọ̀ méjì tí ó dàbí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Èkíní ni ọṣẹ, ìpara, pọ́dà àti lọ́fíńdà olóòórùn òdòdó tí púpọ̀ nínú wa fẹ́ràn. Èkejì ni eré ìdárayá tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá láàárọ̀, àti bí a ṣe lè kọ́ láti sá a láìki íápíìsì bọ etí.

Àwọn kan ń béèrè pé: ṣé kò ti di ìfẹ́ ayé bí Mùsùlùmí bá ń gbádùn òórùn dídùn? Àwọn mìíràn ń béèrè pé: kí ló burú nínú kí á máa gbọ́ nǹkan bí a ti ń sáré? Gbòǹgbò kan náà ni ìbéèrè méjèèjì ní. Ọlọ́hun fẹ́ kí á gbádùn ìdẹ̀ra Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbádùn tí a kò lè gbé kalẹ̀ mọ́, ó ti kúrò ní ìdẹ̀ra, ó ti di ọ̀gá lé wa lórí.

Òórùn dídùn nínú ẹ̀sìn

Ẹni tí ó bá rò pé àìtọ́jú ara ni ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò tíì mọ Ànábì wa dáadáa. Nínú hádíìsì tí Nasa'i gbà wá, òórùn dídùn wà lára ohun tí a mú kí ó fẹ́ràn nínú ayé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìrun ni a fi ìtutù ojú rẹ̀ sí. Anas ọmọ Malik, tí ó fi ọdún 10 sìn ín, jẹ́rìí pé òun kò gbóòórùn míski tàbí àńbà kan rí tí ó dára ju òórùn ara rẹ̀ lọ. Anas yìí kan náà ló sọ fún wa pé kì í kọ lọ́fíńdà bí a bá fi ta á lọ́rẹ. Muslim sì gbà á wá pé kí ẹni tí a bá fún ní rayhan má ṣe kọ̀ ọ́, nítorí pé kò wúwo láti gbé, òórùn rẹ̀ sì dára. Ewé olóòórùn ni rayhan. Èyí tí ọ̀pọ̀ Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí jẹ́ ìbátan efinrin tí àwọn ìyá wa ń gbìn sẹ́yìnkùlé.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀rọ̀ náà "lọ́fíńdà" tí a ń pe gbogbo omi olóòórùn, orúkọ òdòdó kan ni, lavender tí àwọn Òyìnbó ń gbìn. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni "tùràrí" sì ti wọlé wá bá wa. Àwọn bàbá wa tó kọ́ kéwú mọ ìgò kékeré Bint el Sudan dáadáa. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ìgbàanì kò sì fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Al-Kindi, ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gbọ́n tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 800 sí 870, ni a mọ̀ mọ́ ìwé lórí bí a ṣe ń po lọ́fíńdà. Títí di òní, omi Zamzam tí a po mọ́ omi òdòdó rósì ni wọ́n fi ń fọ inú Kaaba.

Àwọn arákùnrin kan máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé òórùn òdòdó, obìnrin ló ni ín. A kò rí irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Hádíìsì tí ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní lọ́fíńdà ọkùnrin ni èyí tí òórùn rẹ̀ hàn tí àwọ̀ rẹ̀ pamọ́, ti obìnrin sì ni èyí tí àwọ̀ rẹ̀ hàn tí òórùn rẹ̀ pamọ́. Kò dárúkọ òdòdó, kò dárúkọ igi. Arákùnrin tí ó bá wẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ó fi pákò rin ẹnu, tí ó wọ aṣọ mímọ́, tí ó sì fi òórùn rósì para, súnnà ló ń ṣe.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ gbádùn tiyín nínú ilé, láàárín obìnrin ẹgbẹ́ yín, àti lọ́dọ̀ ọkọ yín bí ẹ bá ti lọ́kọ. Ohun tí Ànábì kọ̀ ni kí obìnrin fi lọ́fíńdà para kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkùnrin kọjá kí wọ́n lè gbóòórùn rẹ̀. Ó sì ní kí obìnrin tí ń bọ̀ ní mọ́sáláṣí má ṣe fọwọ́ kan lọ́fíńdà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dá yín lẹ́kun ọṣẹ. Ní òye tiwa, ọṣẹ tí òórùn rẹ̀ kò kọjá ara ẹni tó wẹ̀ kọ́ ni hádíìsì yẹn ń bá wí. Ẹ̀yin arákùnrin náà, iṣẹ́ tí a rán yín ni kí ẹ rẹ ojú yín sílẹ̀. A kò fi yín ṣe ọlọ́pàá òórùn.

Ohun mẹ́ta ni kí á ṣọ́ra fún. Ìkíní: lọ́fíńdà kì í ṣe ìwẹ̀. Ẹni tí ó fín lọ́fíńdà sórí òógùn, méjèèjì ni yóò máa rùn pọ̀. Omi tí a nílò kò sì pọ̀. Sáà kan omi, bíi lítà 3, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni Ànábì fi ń wẹ̀. Ìkejì: òórùn òdòdó máa ń bo àṣírí ìpara tí ń bó ara. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Bí ẹ bá rí mẹ́kúrì tàbí hydroquinone níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, nítorí pé ewu ni wọ́n fún ara, àwọ̀ tí Ọlọ́hun dá yín mọ́ sì dára bó ti wà. Ìkẹta: ìnákúnàá. Ẹni tí kò tíì san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀, tí ó wá ń ra ìgò lọ́fíńdà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe ohun tó tọ́.

Ẹ wá wo ẹ̀kọ́ kan tí ó jinlẹ̀. Lọ́fíńdà tí Ànábì fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti wọ haramí ní Mẹ́kà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aisha, ìyá àwa onígbàgbọ́, a máa fi òórùn dídùn pa Ànábì lára kí ó tó wọ haramí, a sì tún fi pa á nígbà tí ó bá bọ́ ọ. Láàárín méjèèjì, yóò gbé e kalẹ̀. Ọlọ́hun kò sọ pé òórùn dídùn burú. Ó kàn fẹ́ kí ìránṣẹ́ Rẹ̀ fi hàn pé òun lè wà láìsí i.

Mùsùlùmí àti eré sísá

Láti orí imú, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sórí ẹsẹ̀ àti etí. Ànábì kọ́ wa pé onígbàgbọ́ tó lágbára dára lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ju èyí tí kò lágbára lọ, bí oore tilẹ̀ wà lára àwọn méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ bá Aisha sáré ìje. Nígbà àkọ́kọ́ Aisha borí. Nígbà tí ó yá tí Aisha sanra díẹ̀, Ànábì borí, ó sì fi rẹ́rìn-ín pé èyí dí ti ìjọ́sí. Ẹ kíyè sí i pé ó ti ní kí àwọn èèyàn máa lọ níwájú kí wọ́n tó sáré náà. Nítorí náà, arábìnrin lè sáré, kí ó kàn wá ibi tí ojú kò pọ̀ sí, kí aṣọ rẹ̀ tú dáadáa, kí ó sì ní ẹnìkejì.

Salama ọmọ al-Akwa' wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lé àwọn tó jí ràkúnmí Ànábì kó, tí ó ń sá lẹ́yìn ẹlẹ́ṣin títí tí wọ́n fi ń ju ẹrù sílẹ̀. Kí ó tó gbéra, ó kígbe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí àwọn ará Mẹ̀dínà lè gbọ́. Ká ní ohun kan di etí àwọn ará ìlú lọ́jọ́ náà ńkọ́? Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 ni lóòjọ́.

Kí ló dé tí a ní kí ẹ yọ íápíìsì?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí yín. Ẹni tó bá ń gbé ní Òkè-Sopen mọ bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ti rí. Ọkọ̀ agbégi ń bọ̀ láti inú igbó, ọ̀kadà ń já jáde láti inú àdúgbò, awakọ̀ tí ń lọ sí Ọ̀rù àti Àgọ́-Ìwòyè ń kánjú. Fèrè ọkọ̀ nìkan ni yóò kì yín nílọ̀ nígbà mìíràn, ẹ ó sì ti di etí sí i. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Nítorí náà ẹ gba ọwọ́ òsì, kí ọkọ̀ tó súnmọ́ yín máa bọ̀ níwájú yín, kó má ṣe máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí kejì ni etí náà fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé yìí kan náà kìlọ̀ pé ariwo tó dé dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 80 kò gbọdọ̀ wọ etí ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí ó bá dé 90, wákàtí 4 péré ni. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń pariwo, èèyàn á máa yí ohùn fóònù sókè ni kí ó lè borí ariwo ọkọ̀. Etí tó bá bàjẹ́ báyìí kì í padà. Al-Kùránì sì ti jẹ́ kí á mọ̀ pé a ó bi wá léèrè ohun tí a fi etí, ojú àti ọkàn wa ṣe.

Ìdí kẹta ni ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì. Nínú ẹ̀kọ́ Ànábì, ẹni tí ń lọ ni ó ń kí ẹni tó jókòó, kékeré ni ó sì ń kí àgbà. Ẹni tí ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn ìyá tó pàtẹ ọjà, òun ló yẹ kí ó kọ́kọ́ kí wọn. Bí Bàbá kan bá sálámà sí ẹ tí o kò dáhùn, kò ní mọ̀ pé íápíìsì ló wà létí ẹ. Yóò sọ pé ọmọ ilé-kéwú ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ládàánì yóò pe ìrun tán, tí ẹni tó dití sí i kò ní lè máa tẹ̀ lé e wí.

Ìdí kẹrin ló kàn wá jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè dá wà pẹ̀lú ọkàn ara rẹ̀ mọ́. Bí a bá ń jẹun, fóònù ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ń wẹ̀, ó ń kọrin. Bí a bá dùbúlẹ̀, òun ló ń rẹ̀ wá sùn. Ìgbà wo ni a ó rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó yẹ kí á tọrọ àforíjì rẹ̀, tàbí òbí tí a kò bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta? Ẹni tí kò lè fi ìṣẹ́jú 20 sáré láìsí ariwo létí, báwo ni yóò ṣe dúró níwájú Ọlọ́hun nínú ìrun pẹ̀lú ọkàn tó fara balẹ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kì í ṣe orin ni mo ń gbọ́, Kùránì ni." Oore ni gbígbọ́ Kùránì, a kò sì ní pe oore ní ibi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí a bá ń ké e, kí á tẹ́tí kí á sì dákẹ́. Ẹni tí ń mí hẹlẹ, tí ń yẹra fún ọ̀kadà, kò tíì tẹ́tí. Jókòó gbọ́ ọ nílé. Lójú ọ̀nà, ohun tí o ti há sórí ni kí o máa tún kà lọ́kàn. Ìgbà náà ni wàá mọ ibi tí ó ti ń yọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Kò rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a mọ̀. Ẹ má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fi íápíìsì sílé ní ọjọ́ kan péré, kí ẹ sì rin ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sá ìṣẹ́jú kan, ẹ rin ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ fi tasibíù ka ìṣísẹ̀ yín: Subuhaanallaahi fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, Alihamudulillaahi fún tòsì. Ẹ máa tẹ́tí sí èémí yín. Bí ẹ kò bá lè dáhùn sálámà kan láìgbọ̀n, eré yín ti pọ̀ jù, ẹ dẹwọ́. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan bá yín lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sàn ju ariwo fóònù lọ. Ẹ sì parí rẹ̀ kí àkókò ìrun tó tó, torí a kì í sáré lọ bá ìrun. Pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ni a ń rìn lọ bá a.

Bí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí òógùn gbẹ, kí ẹ wá wẹ̀. Ọṣẹ olóòórùn òdòdó yín ń dúró dè yín. Ẹ fi í wẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá òdòdó. Kò sí ẹni tí ó mọ rírì omi àti ọṣẹ tó ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́.

A bẹ Ọlọ́hun Ọba kí Ó má ṣe jẹ́ kí ìdẹ̀ra Rẹ̀ di ìdè fún wa. Kí Ó ṣọ́ ẹsẹ̀ wa lójú ọ̀nà, kí Ó dá etí wa sí títí di ọjọ́ alẹ́, kí Ó sì jẹ́ kí á wà lára àwọn tí yóò gbóòórùn Àlùjánnà. Aamin.