Àlejò Lójúbọ

Bí ọdún Òrìṣà Ògìyán bá dé ní Èjìgbò, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Òkè Màpó àti ti Ìsàlẹ̀ Oṣolo a máa na ara wọn ní àtòrì lójú gbogbo ayé. Àlejò tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí yóò rò pé ìjà ìgboro ni. Èyí tó jẹ́ ọmọlúàbí nínú àwọn àlejò á fà sẹ́yìn díẹ̀, á kí àgbàlagbà tó bá wà nítòsí, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe yìí?" Ẹlòmíràn, fóònù ló máa kọ́kọ́ nà sókè. Kó tó mọ̀ pé ọdún ni, fídíò rẹ̀ ti kárí ayé pé àwọn ará Èjìgbò ń para wọn.

Lójú tèmi, kò sí ibi tí ìwà ti ń hàn tó ibi tí a kò ti mọ nǹkan kan. Nílé, ojú ará àdúgbò ń ṣọ́ wa. Lájò, ìwà tó wà nínú ẹni nìkan ló kù. Àwa ará Ọlá àti àwọn ìlú tó yí Èjìgbò ká kò yẹ ká gbàgbé èyí, torí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ Àbíjàn. Wọn kì í dé ọ̀hún kí wọ́n máa já wọ yàrá onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Pierre Verger, ọmọ Faransé tó ń ya fọ́tò, gbé kámẹ́rà kiri ilẹ̀ Yorùbá àti Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń fi iṣu bọ Ògìyán kan náà. Kò ya fọ́tò kó kàn bá tirẹ̀ lọ. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ́ Ifá, ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ohun tó rí, sùúrù ló jẹ́ kó rí i.

Àwọn kan á ní, "Mo ṣáà ti sanwó." Owó ẹnu ọ̀nà kò ra gbogbo ilé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Síbẹ̀ a kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja inú odò rẹ̀. Ní Mẹ́síkò, wọn kò jẹ́ kí àlejò gun òkìtì òkúta ńlá Chichén Itzá mọ́, iyekíye tó wù kó san.

Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ láàárín wa, ẹlòmíràn sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá bọ̀wọ̀ fún ojúbọ, òun ti bọ ọ́ nìyẹn. Rárá o. Kò sẹ́ni tó ní kó wólẹ̀. Kó má fọwọ́ kan ère, kó má ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àwòrò, bí wọ́n bá sì ní ọ̀nà ò lọ mọ́, kó yà padà.

Àmọ́ ọwọ́ onílé náà kì í mọ́ nígbà mìíràn. Ẹni tó ń gbowó lábẹ́lẹ̀ kó lè mú àlejò dé ibi tí ọmọ ìlú pàápàá kì í dé, kí ló fẹ́ kí àlejò náà kọ́? Bí ẹ bá gba ọ̀rẹ́ lálejò lọ́jọ́ ọdún, ẹ jókòó tì í kí ẹ tó jáde, ẹ sọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé àti ohun tí kò gbọdọ̀ yà fún un.