Ewúrẹ́ Ha Jẹ̀bi Bí?

Nígbàkigbà tí a bá ka Mátíù orí 25, níbi tí olùṣọ́-àgùntàn gbé ń ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewúrẹ́, ó rọrùn fún wa láti rò pé ẹran burúkú ni ewúrẹ́. Lọ́dọ̀ wa, olóríkunkun ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ó ha tọ́ láti dá ẹ̀dá lẹ́jọ́ nítorí irú èyí tí í ṣe bí?

Ní ilẹ̀ Palẹ́stínì, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ etí Òkun Mẹditaréníà, nínú agbo kan náà ni àgùntàn àti ewúrẹ́ ti máa ń jẹ̀ pọ̀. Àgùntàn a máa wá koríko ilẹ̀. Ewúrẹ́ a máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nàró, a sì já ewé igbó ẹlẹ́gùn-ún jẹ. Irun rẹ̀ ni a fi ń hun àgọ́. Nínú Ẹ́kísódù orí 12 pẹ̀lú, a lè mú ẹran Ìrékọjá láti inú àgùntàn tàbí ewúrẹ́.

Síbẹ̀, ní ọdún 1950, ìjọba Ísírẹ́lì ṣe òfin kan tí ó dènà dída ewúrẹ́ dúdú káàkiri, nítorí a fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń pa igbó run. Àwọn Lárúbáwá darandaran ni ìnira náà bọ́ sí lọ́rùn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá: bí ewúrẹ́ bá pọ̀ jù lójú kan, igi kéékèèké kì yóò rí àyè dàgbà. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹran kò bá jẹ̀ mọ́, igbó a dí, ewé gbígbẹ a sì di oúnjẹ fún iná. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, iná jó Òkè Kámẹ́lì, ènìyàn 44 sì kú. A kò wí pé àìsí ewúrẹ́ ni ó dá iná náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fagi lé òfin náà ní ọdún 2018, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ewúrẹ́ ń jẹ igbó tí iná ì bá rí jó.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tí ó sì dá a, àgbà òṣìkà ni. Ewúrẹ́ kì í yan iye tí agbo yóò jẹ́, kì í sì í yan òkè tí a ó dà á lọ. Olùṣọ́ ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni ó yẹ kí a bi.

Nínú Mátíù pẹ̀lú, a kò dá àwọn tí ó wà lọ́wọ́ òsì lẹ́bi nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́, bí kò ṣe pé wọ́n rí ẹni tí ebi ń pa, wọn kò sì fún un ní oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa tí ń túmọ̀ àti àwa tí ń wàásù ṣọ́ra, kí a má ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ ru ewúrẹ́, tàbí ru ọmọnìkejì wa, nítorí orúkọ tí ó ń jẹ́ nìkan.